Mo lọ bá tango nílé ẹ̀

Fúráìdé, 24 Jánúárì

Mo ti dé Buenos Aires ní Ajẹntínà o. Ara ń ro mí àmọ́ inú mi dùn. Ọkọ̀ òfurufú méjì ni mo wọ̀, wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó sí Madrid láàárín wọn, nígbà tí mo wá jáde síta ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ezeiza tí ooru yẹn kò mí lójú, ṣe ló dà bíi pé Ìkẹjà ni mo sọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ London tí mo ti ń bọ̀, òtútù ibẹ̀ ń wọ èèyàn léegun.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń jó tango, ijó àdìmọ́ra tí ìlú yìí jẹ́ ilé ẹ̀, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ilé mi la ti ń kọ́ ọ lálẹ́ Túsìdé tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, tíṣà wa á máa sọ fún wa pé èyí tóun ń kọ́ wa gan-an ni ojúlówó, o ó wá dé ọ̀dọ̀ tíṣà mìíràn, òun náà á ní ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni ojúlówó wà. Ọ̀rọ̀ ojúlówó yìí ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mo ti rí àwọn tí wọ́n ró aṣọ òkè sódì tí wọ́n ń ju apá ju ẹsẹ̀ lórí stage nílùú òyìnbó tí wọ́n ní ijó Yorùbá làwọn ń jó, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára onílé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ohun témi náà ti ń fi ijó oníjó ṣe láti ọdún márùn-ún nìyẹn.

Màmá mi fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp: "Ọmọ mi, ṣó o ti gúnlẹ̀? Ijó tó o lọ jó yẹn, ṣé kò sí ijó nílé ni?" Mo ní "Mo ti dé láyọ̀ mà, ẹ kú àdúrà." Ìbéèrè kejì, mi ò dáhùn ẹ̀, torí kò tíì sí ìdáhùn lẹ́nu mi.

Sátidé, 25 Jánúárì

Àárọ̀ ni mo lọ sí La Boca tí gbogbo àlejò máa ń kọ́kọ́ lọ. Etí omi ni àdúgbò yẹn wà, àwọn ará Ítálì tó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté ló kún ibẹ̀ láyé ọjọ́un, páànù àti pákó ni ilé wọn, wọ́n kùn ún ní pupa, yẹ́lò, búlúù. Òpópónà kékeré tí wọ́n ń pè ní Caminito wà níbẹ̀, orúkọ tango kan tó jáde ní 1926 ni wọ́n fi sọ ọ́, Quinquela Martín tó jẹ́ ayàwòrán ọmọ àdúgbò náà ló ṣagbátẹrù bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Níwájú ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lo ti máa rí ọkùnrin kan tó dé fìlà òyìnbó àti obìnrin kan tó wọ gáùn tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ dé itan, wọ́n ń jó lórí pákó, tórin bá tán wọ́n á gbégbá owó káàkiri.

Àwọn tá a jọ ń jó ní London máa ń yínmú sí irú ijó yìí. Èmi ò lè yínmú o. Mo dúró wo obìnrin kan níbẹ̀ fún bíi ogójì ìṣẹ́jú nínú oòrùn ọ̀sán gangan, bàtà gíga ló wọ̀, kò sì ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fún un lówó, a sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba Spáníìṣì tí mo gbọ́, ó ní iṣẹ́ òòjọ́ òun nìyí, pé tóun bá fẹ́ jó fún ara òun, alẹ́ Sátidé lòun máa ń lọ sí àdúgbò Villa Urquiza. Ó júwe ibẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́ mo kọ́kọ́ rò pé mo ti ṣìnà. Kíláàbù eré ìdárayá àwọn ará àdúgbò ni. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ni wọ́n ti ń jó lálẹ́, ìlà funfun ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, àwọ̀n ẹ̀ ṣì ń mì lókè. Iná ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, kò sí iná pupa bàìbàì tá a máa ń tàn ní London. Àwọn ìdílé jókòó yíká, wọ́n ń jẹun, ìyá àgbà kan ń gé písà fún ọmọ ọmọ ẹ̀, ọmọdé kan ti sùn lọ lórí àga méjì tí wọ́n so pọ̀, tọkọtaya tí wọ́n ti darúgbó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rọra lọ jó, wọ́n jó tán wọ́n padà wá bo ọmọ náà láṣọ. Mo ń wò wọ́n, omi fẹ́ máa bọ́ lójú mi. Òde ìnáwó nílé wa ni mo rí, níbi tí bàbá ìyàwó ti ń jó tọ́mọdé sì ń sùn lẹ́yìn àga.

Kò sẹ́ni tó máa wá bá ẹ nídìí tábìlì pé kó o dìde jó. Ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, cabeceo ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin á wò ẹ́ láti òdìkejì, tíwọ náà bá fẹ́, o ò ní gbójú kúrò, á mi orí díẹ̀, ìwọ náà á mi orí, ó parí. Tó ò bá fẹ́, wo ibòmíì, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni torí kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀. Mo ti kà nípa ẹ̀, àmọ́ àlejò lójú kò fi ríran. Bàbá kan mi orí sí apá ọ̀dọ̀ mi, kíá ni mo dìde, àṣé obìnrin tó jókòó lẹ́yìn mi ló ń pè. Obìnrin náà fọwọ́ kàn mí léjìká jẹ́jẹ́, ó ní má dìde títí tó fi máa dé iwájú ẹ, máa wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́, bí ẹ̀gbọ́n obìnrin ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Orin mẹ́rin ni èèyàn méjì máa ń jó pọ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀, tanda nìyẹn. Nígbà tó ku díẹ̀ kílẹ̀ mọ́ ni bàbá kan tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún mi orí sí mi. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo ń wo ojú ẹ̀ títí tó fi dé. Orin bẹ̀rẹ̀, kò jó. Gbogbo ẹni tó wà lórí pápá, wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bíi pé wọn ò gbọ́ orin, ó tó ìdajì ìṣẹ́jú, ìgbà náà ni gbogbo wọn dì mọ́ra wọn tí wọ́n jọ gbéra. Bàbá náà gbé ọwọ́ ọ̀tún lé mi lẹ́yìn, kò fún mi, kò tì mí, àmọ́ mo mọ gbogbo ibi tó ń lọ. Orin mẹ́rin, kò gbé ẹsẹ̀ sókè rí, kò dá àrà kankan. Ó kàn ń rìn. Tí bandoneón, dùùrù àfọwọ́fà inú tango, bá fẹ́ mí, òun náà á dúró, á mí, èmi náà á mí. Ó ń kọ orin náà wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. Nílé, tí ìyáàlù bá sọ̀rọ̀ ìdí á dáhùn, ohun tí mo mọ̀ ijó sí látilẹ̀ nìyẹn, ọdún márùn-ún ni mo sì fi ń jó tango tí mi ò gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀.

Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin lòun nígbà tóun kọ́ ọ ládùúgbò yẹn, pé ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin ni wọ́n jọ ń kọ́ ọ fún oṣù lóríṣiríṣi, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe bí obìnrin kí wọ́n tó ṣe bí ọkùnrin, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó o fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀ tó ò bá tíì mọ̀ ọ́n jó.

Sọ́ńdè, 26 Jánúárì

San Telmo, àdúgbò àtijọ́ kan ní Buenos Aires. Ọjà Sọ́ńdè ń lọ láti òkè òpópónà Defensa dé Plaza Dorrego, abọ́ fàdákà, ìgò àtijọ́, awọ màlúù. Ohun tí mo bá lọ ò sí lórí àtẹ.

Ní ọdún 1778 tí wọ́n ka èèyàn ìlú yìí, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jẹ́ dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Buenos Aires o. Àdúgbò Monserrat àti ibi tí mo wà yìí ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, wọ́n tiẹ̀ ń pè é ní àdúgbò ìlù nígbà kan. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí kálukú ti wá, ẹgbẹ́ Congo wà, ti Benguela wà, wọ́n ń kó owó jọ láti ra ara wọn nídè, lọ́jọ́ ìsinmi wọ́n á lùlù, wọ́n á jó. Candombe nijó yẹn. Òfin 1813 sọ pé ọmọ tí ẹrú bá bí ti di òmìnira, 1853 lòfin ilẹ̀ náà tó wá fòpin sí oko ẹrú. Nígbà tó yá, ogun Paraguay gbé lára wọn lọ, ibà pọ́njú 1871 pa èèyàn bẹẹrẹ ní San Telmo yìí, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ òyìnbó láti Ítálì àti Spéìn wá ya wọ̀lú, nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ni pé kò séèyàn dúdú ní Ajẹntínà mọ́. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ ọmọ wọn wà, òfin sì ti ya 8 Nófẹ́ńbà sọ́tọ̀ fún wọn báyìí.

Ìwé ìròyìn Crítica gbé ìtàn kan jáde ní 1913, arúgbó oníjó kan ló kọ ọ́. Ó ní àwọn ọmọ adúláwọ̀ ìlú náà ló kọ́kọ́ ní ijó kan tí wọ́n ń pè ní tango, wọn kì í dì mọ́ra, àwọn ọmọ ìta aláwọ̀ funfun ló lọ wò ó, wọ́n ń sín in jẹ, wọ́n wá gbé àrà ibẹ̀ sínú ijó àdìmọ́ra tiwọn. Ọ̀rọ̀ tango fúnra ẹ̀ sì ti wà tipẹ́ kí ijó tá a mọ̀ yìí tó wà, ìpéjọ àti ibi ijó àwọn dúdú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ létí odò Río de la Plata yìí.

Mo mọ ohun tó ń ṣe mí bí mo ṣe ń rìn kiri níbẹ̀. Mò ń wá ibi tí màá ti sọ pé "àwa la ni ín." Àmọ́ ká sọ òótọ́, Congo àti Angola àti Mozambique ni púpọ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn ti wá, kì í ṣe Ọ̀yọ́. Tí mo bá sáré gba ohun tí kì í ṣe ti bàbá mi torí àwọ̀ ara wa jọra, kí ni mo fi sàn ju ẹni tó ró aṣọ òkè sódì yẹn?

Mọ́ńdè, 27 Jánúárì

Kíláàsì. Obìnrin àgbà ni tíṣà, ó fi wákàtí kan gbáko kọ́ wa ní ìrìn. Ìrìn lásán. Ó fi ìka kan tẹ àárín igbá àyà mi, ó ní ibí ni kó kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Mo gbé ẹsẹ̀, ó ní rárá. Mo tún un gbé, ó ní rárá. Bíi ìgbà ogún. Nígbà tó yá ó dákẹ́, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni kò sọ rárá, ó kàn bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà ló wá gbé orin sí i, ó ń bi wá léèrè ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ ìlú náà ò jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí wọ́n tó dáhùn: D'Arienzo tó ń tẹ̀ lé ìlù gbọnmọgbọnmọ, Di Sarli tó ń rọra nà bí aṣọ tí atẹ́gùn fẹ́, Pugliese tó wúwo. Kì í ṣe ìmọ̀ ìwé. Ṣe ló dà bí ìgbà tí bàbá mi bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lásán látinú rédíò tí wọ́n á ní Hárúnà Ìṣọ̀lá nìyẹn, kì í ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà. Wọ́n ní àwọn kan wà tí wọn ò ní bá ẹ jó tó bá jẹ́ Pugliese torí ẹni táwọn máa ń bá jó ti Pugliese yàtọ̀. Èmi mọ ẹsẹ̀ bíi ọgbọ̀n, mi ò mọ orúkọ olórin mẹ́ta.

Wẹ́sìdé, 29 Jánúárì

Mo lọ síbi sàréè Carlos Gardel, olórin tango, ní ibojì Chacarita. Ère ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ti fi sìgá tó ń jó sí i lọ́wọ́, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. 1935 ló kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Medellín. Ọba tango, ìwé ìbí ẹ̀ sì sọ pé Toulouse nílẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní 1890, àwọn ará Urugúáì ní rárá, Tacuarembó ni, ìjà yẹn ò tíì parí. Bandoneón tí ò sí tango láìsí i, Jámánì ló ti wá. Tango tí wọ́n fi máa ń kásẹ̀ òde nílẹ̀, La Cumparsita, ọmọ Montevideo ní Urugúáì ló kọ ọ́. Rosendo Mendizábal tó kọ El Entrerriano ní 1897, ọ̀kan lára àwọn tango tó lórúkọ tó pẹ́ jù lọ, adúláwọ̀ ọmọ Buenos Aires ni, mi ò rí sìgá kankan lọ́wọ́ ère ẹ̀ torí mi ò rí ère ẹ̀. Ìyẹn dùn mí, mo jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Tọ́sìdé, 30 Jánúárì

Alẹ́ yìí ò dáa. Ilé ijó kan láàárín ìgboro, àlejò bíi tèmi ló kún ibẹ̀, ọkùnrin kan gbé mi jó, ó ń kọ́ mi lójú agbo bí wọ́n ṣe ń jó ojúlówó tango, ó ń ta ẹsẹ̀ kiri láàárín èrò, bàtà ẹ̀ gbá obìnrin tó wà lẹ́yìn wa lójúgun. Obìnrin náà ò pariwo. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní "gracias" fún ọkùnrin náà kí tanda tó parí, lójú agbo ìyẹn túmọ̀ sí pé ó tó.

Fúráìdé, 31 Jánúárì

Ọkọ̀ ojú omi sí Montevideo, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Odò yìí fẹ̀ débi pé o ò ní rí òdìkejì, omi ẹ̀ pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Mo sùn.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

Barrio Sur, àdúgbò kan ní Montevideo. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe Llamadas, ìwọ́de ìlù candombe, àwọn onílù ń múra sílẹ̀. Wọ́n dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, páálí àti igi wẹ́wẹ́, wọ́n to ìlù yí i ká, ojú awọ kọ sí iná. Ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ń lọ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, á fi ìka ta á, á fetí sí i, á sún un mọ́ iná díẹ̀ sí i tàbí kó fà á sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un. Àwọn àyàn wa tó máa ń sá ìlù sóòrùn kí òde tó bẹ̀rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn.

Ìlù mẹ́ta ni. Chico ló kéré jù, ohun kan náà ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí omele. Piano ló tóbi jù, ohùn ẹ̀ ń dún nínú ikùn. Repique ló ń pè tó ń fèsì. Ọwọ́ kan àti ọ̀pá kan ni wọ́n fi ń lù ú, wọ́n gbé e kọ́ èjìká. Ó tó ogójì wọn tó gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fetí sílẹ̀ bóyá màá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ nínú ẹ̀. Kò sí. Ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe èdè mi, mo sì gbà.

Àmọ́ ẹsẹ̀ wọn! Wọn kì í fò. Ìgbésẹ̀ kékeré kékeré, ẹsẹ̀ ò jìnnà sí ilẹ̀, àyà ló ń ṣíwájú. Ibi tí ìka tíṣà yẹn tẹ̀ gan-an. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì tààrà, mo kàn ń sọ ohun tí ojú mi rí, mo sì rìn tẹ̀ lé wọn dé òpin títì.

Bàbá kan fi ibi tí ilé Medio Mundo wà tẹ́lẹ̀ hàn mí. Yàrá yàrá ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, adúláwọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìlù ti ń jáde. Ìjọba ológun lé wọn jáde ní Dìsẹ́ńbà 1978, wọ́n wó o. 3 Dìsẹ́ńbà ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ candombe lọ́dọọdún báyìí. UNESCO kọ candombe àti tango sínú ìwé ogún àṣà wọn lọ́dún kan náà, 2009. Bàbá náà ní ìwé yẹn dáa, pé àmọ́ ilé tí wọ́n wó ò padà.

Sọ́ńdè, 2 Fẹ́búárì

Ọjọ́ Yemọja lónìí ní Playa Ramírez, etí omi Montevideo. Mi ò mọ̀ kí n tó dé, ẹni tó ni ilé tí mo wọ̀ sí ló sọ fún mi.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà létí omi, aṣọ funfun, aṣọ búlúù. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, wọ́n tan àbẹ́là sínú ẹ̀ kí atẹ́gùn má pa á. Àwọn kan gbé ọkọ̀ kékeré tí wọ́n to òdòdó, lọ́fínńdà àti bàrà olómi sí, wọ́n ń gbé e wọnú omi. Ọ̀dọ̀ àwọn ará gúúsù Bràsíl ni ẹ̀sìn yìí gbà dé ibí, àwọn ilé òrìṣà tó ń jẹ́ Oyó àti Ijexá. Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà! Gbogbo bí mo ṣe wá tiwa kiri nínú tango tí mi ò rí i, òun ló wá dúró dè mí létí omi.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, òyìnbó ni tó bá jẹ́ àwọ̀ la fẹ́ wò. Ó gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní "Odoyá." Ohùn tó fi sọ ọ́ jìnnà sí tiwa, àmọ́ mo gbọ́ ọ: odò ìyá. Mo sọ ọ́ padà fún un bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ojú ẹ̀ kún fún omi. Ó wá bi mí bí ọjọ́ yìí ṣe máa ń rí nílé wa.

Kí ni kí n sọ? Mo gba Pópó Yemọja kọjá láìmọye ìgbà n'Íbàdàn lọ́mọdé, ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ, mi ò yà síbẹ̀ rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò bá mi wí, kò yà á lẹ́nu. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tóun ti ń wá síbí ní 2 Fẹ́búárì, òjò ì báà rọ̀.

Ó bu òdòdó funfun méjì nínú tiẹ̀ fún mi. Ó kọ́ mi bí màá ṣe wọ omi, bí màá ṣe dúró de ìgbì kí n tó jù ú sílẹ̀, ó ní tá a bá ń jáde a kì í kẹ̀yìn sí i. Ọwọ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn mi, kò tì mí, bí ti bàbá Villa Urquiza yẹn gan-an. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Bàtà ijó mi wà nínú báàgì léjìká mi, mo gbé báàgì náà sílẹ̀ lórí iyanrìn, mo bọ́ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo tẹ̀ lé e wọnú omi.